Ta ni atukọ̀, ta ni atọ́nà?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń wá fún iṣẹ́ òfuurufú, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí "atukọ̀ òfuurufú" jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ fò la òkun já. Tó bá jẹ́ ti bàálù òde òní ni, n kò bá yín jà, "awakọ̀ bàálù" táráyé ń pè é náà kò sì burú. Àmọ́ ẹ wo ọdún 1919.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, John Alcock àti Arthur Whitten Brown gbéra ní Newfoundland ní Àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n fò la òkun Àtìláńtíìkì já, ó di Clifden ní Írẹ́lándì lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 16, láìbalẹ̀ lójú ọ̀nà. Alcock ló tu ọkọ̀. Brown wá ńkọ́? Òun ló ń fi sextant, irinṣẹ́ tí a fi ń wo ojú ọ̀run, wọn bí oòrùn àti ìràwọ̀ ṣe ga tó nígbàkigbà tí ìkùukùu bá yà fún un, kó tó ṣírò ibi tí wọ́n dé lórí omi. Ẹ̀rọ tí wọn ì bá fi ránṣẹ́ sílẹ̀ ti dákẹ́ láìpẹ́ tí wọ́n gbéra. Bí Brown bá ṣìṣirò, òkun ni ibùsùn wọn. Ṣé atukọ̀ lẹ máa pe ìyẹn? "Atọ́nà" ni tèmi. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. (Ti pé wọ́n rò pé pápá ni ibi tí wọ́n balẹ̀ sí, tí imú bàálù wá rì sínú ẹrẹ̀, ẹ má kà á sí i lọ́rùn. Írẹ́lándì ni wọ́n ń wá, Írẹ́lándì ni wọ́n ṣáà dé.) Atọ́nà náà ni Gago Coutinho, ọmọ Pọtogí, tó bá atukọ̀ Sacadura Cabral fò láti Lisbon dé Rio de Janeiro ní 1922.

Ti Amelia Earhart, obìnrin ará Amẹ́ríkà, tún le jù. Ní 1928 ó wà nínú bàálù tó la Àtìláńtíìkì já, ṣùgbọ́n Wilmer Stultz ló wà á. Earhart fúnra rẹ̀ ní bí àpò ọ̀dùnkún lòun rí níbẹ̀. Èrò ọkọ̀ ni lọ́dún yẹn. Ní 1932 ló tó dá fò ó, tó di atukọ̀ àti atọ́nà pọ̀, bíi ti Charles Lindbergh ní 1927.

Fún irú ìyẹn, mo gba "àdáfò" tí ẹnì kan mú wá, bí a ṣe ní àdáṣe. Lindbergh kọ́ ló kọ́kọ́ fò la Àtìláńtíìkì já. Òun ló kọ́kọ́ dá a fò. Èyí tí n kò ní gbà ni "òfò" tí ẹlòmíràn fẹ́ fi dípò "ìfò". Nungesser àti Coli, ọmọ Faransé méjì tí wọ́n gbéra ní Paris ní 1927 láti fò la òkun yìí kan náà já, tí a kò gbúròó wọn mọ́, nìkan ló bá mu.