Ṣé ó yẹ kí n mú àwọn ọmọ ọdún 11 lọ sí ilé ìrántí ìpẹ̀yàrun ní Kigali?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ yóò gbé mi lọ sí Kigali, ní orílẹ̀-èdè Rwanda, ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, àwọn ìbejì mi yóò sì bá mi lọ nítorí pé ìsinmi iléèwé ni. Mo fẹ́ dé ilé ìrántí tó wà ní òkè Gisozi. Táyé kò yéé béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé kì í rí oorun sùn bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú fíìmù lásán. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ojú yín rí? Ṣé kí n mú àwọn méjèèjì dání?

Arìnrìnàjò:
Ẹ ǹ lẹ́ o, màmá. Mo lọ ní ọdún 2019. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé itẹ́ òkú ni ibẹ̀ ju ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ, nítorí àwọn tí wọ́n lé ní 250,000 ni wọ́n sin sínú ọgbà rẹ̀, àwọn ẹbí wọn sì ṣì ń gbé òdòdó wá. Ẹ múra bí ẹni tó ń lọ kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Nínú ilé, ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹrin ọdún 1994. Ó ti wà nílẹ̀ láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba amúnisìn Bẹ́ljíọ̀mù pín káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n kọ ẹ̀yà kálukú, Hutu, Tutsi tàbí Twa, sí fún àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n sì jọ ń gbé lórí òkè kan náà. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni àwọn apànìyàn ń gbà wò lójú ọ̀nà ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa RTLM, ilé iṣẹ́ rédíò tó ń rú ìkórìíra sókè nígbà náà, ni mo ti pẹ́ jù. “Inyenzi” ni wọ́n ń pe àwọn Tutsi lórí afẹ́fẹ́, ìyẹn aáyán, a sì mọ ohun tí wọ́n máa ń fi aáyán ṣe nínú ilé. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, ó kéré tán, 800,000 ènìyàn ni wọ́n pa, Tutsi ló pọ̀ jù nínú wọn, títí kan àwọn Hutu tí wọ́n kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Yàrá kan wà fún àwọn ọmọdé. Ẹ ó rí àwòrán ọmọ, orúkọ rẹ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, àti bí wọ́n ṣe pa á. Àgbà ni mí, mi ò sì lè kà á tán.

Olùkọ́ Ìtàn:
Mi ò ní mú ọmọ kankan wọ yàrá yẹn. Táyé lè wo ìyókù bí ẹ bá ti kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún un nílé, kí ẹ má sì fo ipa tiwa. Nàìjíríà wà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, sì ni aṣojú wa. Ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún àwọn ọmọ ogun Àjọ náà tó ń ṣọ́ àlàáfíà ní Rwanda, síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dìbò ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin láti dín wọn kù sí nǹkan bí 270, kò sí orílẹ̀-èdè kan tó dìbò takò ó, títí kan tiwa.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ má mú wọn dé Nyamata, ilé ìrántí mìíràn ní Rwanda, o. Aṣọ àwọn tí wọ́n pa ni wọ́n tò sórí àwọn ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀. Ẹ sì kìlọ̀ fún Táyé, níwọ̀n bó ti fẹ́ràn ìbéèrè, pé kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni bóyá Hutu ni tàbí Tutsi.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Táyé yóò bá mi wọlé, a ó sì fo yàrá àwọn ọmọdé. Ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ yóò dúró ti Kẹ́hìndé nínú ọgbà. Kẹ́hìndé ní òun ni òun yóò gbé òdòdó. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á nítòsí ibẹ̀?