Ibà Tótòtó, Ìgbóná Eégbọn, àbí Ibà Eégbọn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Gwagwalada níbí. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni a ti ń fa orúkọ Yorùbá tí a ó fún àwọn àrùn tí kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Rickettsia ń fà, èyí tí eégbọn ń kó ran ènìyàn àti ajá. Ẹnìkan mú "ibà tótòtó" wá, ó ní àmì tótòtó tó ń yọ sí ara aláìsàn ni àwọn Òyìnbó fi pè é ní "spotted fever". Ẹlòmíràn ní "ìgbóná eégbọn" ló gún régé jù. Méjèèjì ní ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀kankan bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kúrò lórí "ìgbóná". Lóòótọ́, láti ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé ṣànpọ̀nná ti parẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ìgbóná ni àwọn àgbà ṣì ń pè é. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá arúgbó kan pé ìgbóná ló mú ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù tí yóò bà á kì í ṣe ti eégbọn.

Ọ̀rọ̀ "ibà tótòtó" ló gba àròjinlẹ̀. Irú àrùn náà tó wà ní Amẹ́ríkà, tí Rickettsia rickettsii ń fà, tí onímọ̀ ìṣègùn Howard Ricketts sì fi hàn ní ọdún 1906 pé eégbọn ló ń gbé e kiri, a máa yọ àmì sí ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, kí ó tó tàn dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Orúkọ náà bá ti ọ̀hún mu. Ṣùgbọ́n Rickettsia africae, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, kì í sábà yọ àmì púpọ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í tilẹ̀ rí ẹyọ kan, bó bá sì yọ, ara dúdú kì í jẹ́ kó tètè hàn. Ohun tí à ń rí ni egbò kékeré níbi tí eégbọn ti so mọ́ra, tí èépá dúdú bò lójú, tí etí rẹ̀ pọ́n, tí kókó sì ń wú ní abíyá tàbí ní ìtan nítòsí rẹ̀. Orí a máa fọ́ aláìsàn, ara a sì máa ro ó. Bí a bá ní kí ẹni bẹ́ẹ̀ máa wá tótòtó lára kó tó gbà pé àrùn náà ló mú òun, a ti ṣì í lọ́nà. Fún tiwa, "eléèépá" ni ì bá tọ́, bí kò bá ṣe pé ti Amẹ́ríkà ọ̀hún kì í sábà ní èépá rárá. Nítorí náà, n kò lè fi èépá sọ gbogbo ìdílé àrùn yìí lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ṣe lè fi tótòtó sọ ọ́.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà nínú tótòtó yẹn. Mo gba eégbọn kan lọ́wọ́ darandaran Fúlàní kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá (kaska ni òun pè é ní Hausa), mo gbé e sórí bébà funfun. Akọ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa bí èèpo ọsàn tó pọ́n, dúdú sì yà á lọ́nà-lọ́nà, òrùka funfun wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Amblyomma variegatum ni, irú tó ń gbé Rickettsia africae kiri gan-an. Bí a bá wá kọ "ibà eégbọn tótòtó", ta ló ni tótòtó náà, ibà ni àbí eégbọn?

Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí kan náà ló wà nínú "ibà eégbọn ajá" tí ẹnìkan lò lánàá. Ṣé ibà tí eégbọn ajá ń fà ni, àbí ibà eégbọn tó mú ajá? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Eégbọn ajá aláwọ̀ ilẹ̀, tó máa ń fara pamọ́ síbi tí ògiri ilé ajá ti lanu, lè kó Rickettsia conorii, irú Rickettsia mìíràn, ran ènìyàn, kí ajá fúnra rẹ̀ má sì ṣàìsàn tó hàn síta. Mo dábàá "ibà eégbọn" fún gbogbo ìdílé, "ibà eégbọn eléèépá" fún tiwa, "ibà eégbọn onítótòtó" fún ti Amẹ́ríkà, nítorí pé "oní" kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ eégbọn tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ajá ló ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ kí a sọ pé "ibà eégbọn mú ajá".

Àwọn kan ní "ibà" yóò mú kí aláìsàn sáré lọ ra oògùn ibà ẹ̀fọn, èyí tí kò ràn án, nígbà tó jẹ́ pé oògùn doxycycline ló yẹ kí dókítà kọ fún un. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ rú lójú rí? Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé ibà ló ń yà á sọ́tọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹ̀fọn ń jẹni, àkeekèé ń tani, ṣùgbọ́n òwe wa kò sọ pé eégbọn gé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ. Ohun tó sọ ni pé eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú, wọ́n ní kí adìẹ wá yọ ọ́. "So mọ́" àti "yọ" ni kí a lò nínú ìwé ìlera, torí eégbọn kì í jẹni kó fò lọ. Ó lè so mọ́ra fún ọjọ́ mélòó kan, bó bá sì ṣe pẹ́ tó ni ewu ń pọ̀ sí i. Ẹ̀mú kékeré ni a fi ń yọ ọ́, ní ìsàlẹ̀ níbi tó ti kan awọ ara, kí a fà á tààrà láìfi iná jó o, láìfọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Ẹ̀yin ará Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tó wà láàárín wa, ǹjẹ́ ẹ ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún èyí tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, tó wú bí ẹ̀wà, àti èyí tó ṣì pẹlẹbẹ? Àwa ní Ọ̀yọ́, eégbọn náà ni a ń pe méjèèjì.