Ìwé tí a kà láàárín iṣẹ́ àti ọmọ: ẹ wá sọ tiyín

Láti Kubwa

Àbúrò wa kan bi mí níjọ́sí pé dìgírì tí èèyàn ń ṣe díẹ̀díẹ̀, tí kì í jókòó sí kíláàsì lójoojúmọ́, ṣé ìwé gidi ni. Mi ò fẹ́ dá a lóhùn ní kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ tèmi níbi tí gbogbo wa á ti gbọ́, kí ẹni tó bá ní tirẹ̀ náà lè sọ ọ́.

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Lẹ́yìn ìjà Ṣàríà ọdún 2000 ló kó wa wá sí Abuja. Mo parí girama níbí, kírédíìtì márùn-ún mi pé, ṣùgbọ́n owó ò sí, ni mo bá lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta. Ọkàn mi ò kúrò lórí ìwé lọ́jọ́ kan.

Kí n tó rí ọ̀nà, mo kọ́kọ́ ṣìnà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta oògùn nísàlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ka yunifásítì kan tó wà lọ́nà jíjìn ni àwọn, pé ẹ̀kọ́ gbogboogbò ni àwọn ń kọ́ni, Sátidé nìkan la ó máa wá, kálukú á sì yan èyí tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí aránṣọ tó gbọ́mọ pọ̀n. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi kó owó tí mo fi abẹ́rẹ́ pa fún wọn. Níkẹyìn, ara fu mí, mo mú lẹ́tà ìgbaniwọlé mi, mo wọkọ̀ lọ sí yunifásítì tí wọ́n dárúkọ. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì wo nọ́ńbà orí lẹ́tà náà, ó ṣí ìwé ńlá kan, ó tún nọ́ńbà yẹn wò, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Ẹ má bínú mà, a ò ní ẹ̀ka kankan ní Abuja." Mi ò sunkún lójú rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò gbéra ní Lókọjá ni omijé dé, mi ò sì dákẹ́ títí a fi wọ Zuba.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ wádìí. NUC ló ń ṣàkóso yunifásítì, Maitama níbí ni wọ́n wà. Orúkọ gbogbo yunifásítì tí ìjọba fọwọ́ sí wà lórí ìkànnì wọn, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ àwọn ayédèrú jáde lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni, NCCE ni kí ẹ bi. Tó bá jẹ́ polí, NBTE tó wà ní Kàdúná ni. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Nọ́ọ̀sì kan tí ilé wa kángun síra ló mú mi dé NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn ti lè jókòó sílé kàwé. Ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ìjọba ológun dá a dúró ní 1984, Ọbásanjọ́ sì tún gbé e dìde ní 2002. Lẹ́yìn tó kúrò lóyè, Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó kàwé títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni, ó sì ti pé ẹni 80 ọdún nígbà náà. Òun ni mo fi dá ọkọ mi lóhùn nígbà tó ní kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe lẹ́ni ọdún 33.

Wọn ò béèrè JAMB lọ́wọ́ mi, kírédíìtì márùn-ún yẹn náà ni. Mo yan ẹ̀kọ́ àlàáfíà àti yíyanjú ìjà. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní kí n yan ohun tó ń mówó wá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA ló ní 30 nínú 100, ìdánwò ló ni 70 tó kù. Orí fóònù ni mo ti ń ṣe TMA. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí. Mo máa ń ti àǹkárá tí mo ti gé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì, màá gbé fóònù ti máṣíìnì, màá tan àtùpà oníbátìrì, màá kàwé títí ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò sí olùkọ́ tó máa ké sí yín pé ẹ ò wá lónìí. Ẹ lè fi oṣù mẹ́ta gbáko sùn, kò sẹ́ni tó máa jí yín. Òmìnira yẹn wúwo ju kíláàsì ojoojúmọ́ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó fúyẹ́. Lóru ọjọ́ kan tí TMA mẹ́ta fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, iná lọ, fóònù mi kú, epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tilẹ̀ fi mọ́, wọ́n ti ti ojú ìwé náà pa. Mo jókòó ìdánwò mẹ́ta yẹn láìní nǹkan kan lọ́wọ́ nínú 30, mo sì tún méjì ṣe nínú wọn.

Ẹ̀kọ́ gbogboogbò, àwọn GST wọ̀nyẹn, ni mo fojú di jù. Mo rò pé wọ́n kàn fi dí àyè ni. Lọ́dún kejì, mo dé GST 202, èyí tó dá lórí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ àlàáfíà àti ìjà. Mo ń ka ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí ìjà ṣe máa ń ru, bó ṣe máa ń dé góńgó, bó ṣe máa ń rọlẹ̀, ọwọ́ mi wá dúró lórí ìwé. Mo rántí obìnrin Haúsá tó wà lójúlé kejì sí wa ní Kàdúná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lóru ìjà Ṣàríà yẹn, ó ń nawọ́ sí wa pé, "Ku shiga, ku shiga," ìyẹn ni pé ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ó tì wá mọ́ yàrá, ó gbé tùwó sílẹ̀ fún wa, ó sì lọ jókòó síta lórí ẹní, kí ẹnikẹ́ni tó bá dé lè bá òun níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ìwé náà ń ṣàlàyé ni obìnrin yẹn ti ṣe, kò sì kàwé kankan. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tó yẹ kí n kọ́ ni mo ń kọ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò, mo jáde pẹ̀lú máàkì 3.61 nínú 5. Mo ti kọjá 30 ọdún, nítorí náà wọ́n yọ̀ǹda mi lọ́wọ́ NYSC. Mo ń bá àjọ kan ṣiṣẹ́ báyìí tó ń pe àgbẹ̀ àti darandaran jókòó pọ̀ ní Nasarawa. Mo ṣì ń ránṣọ ní ìparí ọ̀sẹ̀.

Láti Zaria

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tèmi, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni, àmọ́ ti gidi. NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ni mo ṣe, ti àsìkò ọlidé. Ọ̀sán gangan nínú oṣù kẹjọ, a ti wà ní kíláàsì láti aago méje, a ò sì ní jáde títí di aago mẹ́fà, nítorí iṣẹ́ sáà kan ni wọ́n kì sínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mẹ́jọ la wà ní yàrá kan. Àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní lẹ́yìn kíláàsì.

Ohun tí ẹ sọ nípa ẹ̀kọ́ gbogboogbò, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọ̀rẹ́ mi tó mọ ìṣirò bí ẹni mowó fìdí rẹmi nínú GSE kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogboogbò tiwa, ó sì dúró ọdún kan gbáko lórí ìyẹn nìkan nígbà tí gbogbo wa ti jáde. Lẹ́yìn NCE, mo fi direct entry wọ yunifásítì ní ọdún kejì tààrà. Ẹ̀yin tí JAMB ti ń dá padà láti ọjọ́ yìí, ẹ ro ọ̀nà yìí wò dáadáa, ẹ ó sì ti máa fi NCE yẹn ṣiṣẹ́ olùkọ́ kẹ́ ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ.

Láti Gwarinpa

Amẹ́ríkà ni mo ti ṣe tèmi, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí kò tóbi, orúkọ dìgírì náà gan-an sì ni General Studies. 120 kírédíìtì, ìyẹn yúníìtì iṣẹ́ kíláàsì, ni wọ́n ní kí n kó jọ. Wọ́n ka díẹ̀ mọ́ ọn nínú ohun tí mo ti ṣe ní polí nílé, mo sì fi alaalẹ́ ṣe ìyókù, nítorí iṣẹ́ ni mo máa ń lọ lọ́sàn-án. Ó bá mi lára mu, mi ò kábàámọ̀.

Àmọ́ nígbà tí mo padà sí Abuja, bí mo bá ka ìkéde iṣẹ́, wọ́n á ní ẹni tó ka ìṣírò owó tàbí ọrọ̀ ajé ni àwọn ń wá, èmi ò sì ní orúkọ kankan níbẹ̀. Ohun tó yọ mí ni pé mo ti rọra yan 30 kírédíìtì nínú ìṣírò owó, transcript mi, ìwé tí wọ́n to gbogbo iṣẹ́ àti máàkì mi sí, sì fi hàn. Mo kó ìwé mi lọ sí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ICAN, ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣírò owó, láti ìpele àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ka irú rẹ̀, kó mú ẹ̀ka kan ní òpómúléró láti ọdún àkọ́kọ́. Má kàn máa ṣa èyí tó dùn.

Láti Kubwa

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Àbúrò, mo rí i pé o ti kọ ọ́ pé wọ́n ti fún ọ ní lẹ́tà, wọ́n sì ní kí o sanwó kí oṣù tó parí. Má tíì san án. Gbé lẹ́tà yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé, ká jọ wá orúkọ wọn lórí ìkànnì NUC. Tí a ò bá rí i, ọjọ́ Mọ́ńdè, èmi àti ìwọ á jọ lọ sí Maitama.