Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Special Education ní yunifásítì, kí lojú yín rí?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ilé o. Special Ed, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìkọ́ni, bí adití àti afọ́jú, ni wọ́n fún àbúrò mi obìnrin, Law ló sì kọ sínú fọ́ọ̀mù. Àtàná ló ti ń sunkún, kò jẹun. Màmá wa ní kó gbà á bẹ́ẹ̀, dádì ní kó tún JAMB ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka kọ́ọ̀sì yẹn jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ohun tójú yín rí, ẹ má fi bò.

Tíṣà Ọ̀jọ́ọ̀: Kó gbà á.

Ìyá Ìbejì Àpẹ́tẹ̀: Law lèmi náà kọ nígbà yẹn o, kí wọ́n má pariwo lé e lórí. Ọdún àkọ́kọ́ mo kàn ń lọ ṣáá ni, tí wọ́n bá bi mí níta pé kí ni mò ń kà màá ní Education, màá gbé ìyókù mì. Ìgbà tí wọ́n ní ká mú ẹ̀ka mo mú ti adití torí ọ̀rẹ́ mi mú un. TP (teaching practice) wá dé, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé àwọn adití, mo ti há gbogbo sáìn, èdè ọwọ́ wọn, inú handout sórí, mo dúró níwájú kíláàsì mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáìn bí ẹni ń ka Bíbélì níwájú bíṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ yẹn kàn ń wò mí. Ọmọkùnrin kan dìde, ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ká àtàǹpàkò mi wọlé, ó yí ọrùn ọwọ́ mi síta díẹ̀, ó mi orí pé ẹn-ẹ́n, ó padà lọ jókòó. Súpáfáísọ̀ sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, àyà mi já. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí wọ́n ti sọ mí lórúkọ: wọ́n á fi ìka ìfábẹ̀lá kan àárín eyín iwájú, torí èjí mi. Títí dòní tá a bá pàdé ní Sángo, orúkọ yẹn ni wọ́n á fi pè mí láti òdìkejì títì.

Bọ̀dá Sùúrù: Hàhàhà èjí! Tiyín ṣì dáa. Tèmi, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iwájú orí lọ sẹ́yìn. Láti 200 level nirun mi ti ń sá lọ.

Àdùkẹ́ Agbowó: Tèmi ni ilà. Ìka mẹ́ta lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi tí mo ti ń fi páódà bo ilà yẹn láti sẹ́kọ́ńdírì o, ọjọ́ kejì ni wọ́n ti rí i 😂

Alàgbà Bódìjà: Ẹ má bínú, èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Kí ọmọ máa fi àléébù ara pe tíṣà? Láyé tiwa, ẹgba ni.

Ojú Ni Mo Fi Ń Gbọ́: Alàgbà, adití lèmi, ẹ jẹ́ n fèsì. Kì í ṣe èébú rárá. Ẹ̀yin ń fetí dá èèyàn mọ̀, ojú làwa fi ń dá a mọ̀, ohun tójú wa bá kọ́kọ́ bà lára yín lorúkọ yín lọ́dọ̀ wa. Tèmi, àpá iná tó wà lápá mi ni, ìyá mi gan-an ló ń fi pè mí. Tíṣà tí wọn ò bá tíì sọ lórúkọ, àlejò ni. Ohun tó ń bí wa nínú ni tíṣà tó máa kọjú sí bọ́ọ̀dù tí á máa sọ̀rọ̀ lọ, tá á wá yíjú padà bi wá pé ṣó yé yín.

Alàgbà Bódìjà: Ó dáa, mo gbọ́. Ẹgba ṣì wà níbẹ̀ ṣá.

Bọ̀dá Sùúrù: Alàgbà ti lórúkọ báyìí o. Ọwọ́ tó gbé ẹgba sókè.

Ọ̀mọ̀wé Kékeré: Ṣebí sáìn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kọ́ wọn lọ́hùn-ún? Kí ló dé tá ò lo tiwa?

Ojú Ni Mo Fi Ń Gbọ́: Andrew Foster, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kan, ló gbé e wá. Adití lòun náà, ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn gba etí ẹ̀, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, yunifásítì àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954. Ó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Ghana ní 1957, ó wá dá ti Ìbàdàn níbí sílẹ̀ ní 1960. Ohun tó mọ̀ ló fi kọ́ wọn. Àwa náà sì ti da tiwa pọ̀ mọ́ ọn, ẹ lọ mú ará Amẹ́ríkà wá kó wá wo bá a ṣe ń ná ata ní Bódìjà, kò ní gbọ́ ìdajì.

Ọ̀mọ̀wé Kékeré: Kano ní tiwọn, èdè ọwọ́ Hausa, Foster kọ́ ló kọ́ wọn. Mi ò tíì gbà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ dákun, àbúrò mi ńkọ́?

Dọ̀tun Bìréèlì: Wí fún un pé kó má sá fún ti àwọn afọ́jú, ẹ̀ka tèmi nìyẹn. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ọ ṣá. Láti kọ bìréèlì, ìwé tí àwọn afọ́jú ń fìka kà, èèyàn á ki bébà tó nípọn sínú slate, férémù tó ní ihò wẹ́wẹ́, á wá máa fi stylus, irin ṣóńṣó kékeré, gún un láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, torí ẹ̀yìn bébà ni wọ́n ti máa kà á, gbogbo lẹ́tà lódì lódì. Ojú mẹ́fà péré tí wọ́n lè gún ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní, àmọ́ inú ojú mẹ́fà yẹn náà ni ẹ, ọ àti ṣ ti ní àmì tiwọn. Àwọn ọmọ tí mo lọ kọ́ ní TP á ti gún gbólóhùn méjì tán kí n tó gún orúkọ mi, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹ̀ pé ó ń falẹ̀, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

Kọ́pà Àná: Ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ o. Nígbà tí mo ń sin ilẹ̀ bàbá mi, ilé ìwé tí wọ́n gbé mi lọ ò ní ọmọ kankan tí mo kọ́ṣẹ́ rẹ̀, Civic ni mo kọ́ wọn. Owó oṣù tíṣà, owó oṣù tíṣà náà ni.

Tíṣà Ọ̀jọ́ọ̀: Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n buwọ́ lù ní 2019 ní gbogbo ilé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ yìí.

Kọ́pà Àná: Òfin ò sọ ẹni tó máa sanwó ẹ̀.

Àdùkẹ́ Agbowó: Ẹ̀ka àwọn ọmọ tórí wọn pé ju ti ẹgbẹ́ lọ náà wà níbẹ̀ o, gifted.

Alàgbà Bódìjà: Kí lonítọ̀hún tún ń fẹ́?

Àdùkẹ́ Agbowó: Ọmọ tó ti mọ gbogbo ohun tí tíṣà fẹ́ sọ, tó wá ń da kíláàsì rú torí kò rí nǹkan ṣe, ẹgba náà lẹ ó fún un àbí?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ó ti jẹun. Ó wà nínú yàrá, ó ní kí n bi Ìyá Ìbejì pé apá ibo ni ọmọ yẹn yí ọwọ́ wọn sí.

Ìyá Rẹ̀mí: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láàyè. Ọmọ mi ò ríran, kíláàsì kejì ló wà. Ta ló ní slate tí kò lò mọ́?

Dọ̀tun Bìréèlì: Mo ní méjì mà, ti irin kan, ti ike kan.

Ìyá Rẹ̀mí: Ti irin, ọmọ yẹn ń jókòó lé nǹkan lórí. Ẹnu géètì UI ni màá ti gbà á.