Bàbá mi fa eruku asbestos símú níbi iṣẹ́: ta la máa béèrè owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Iléeṣẹ́ bébà ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi kógbá sílé. Asbestos, ìyẹn ohun àlùmọ́nì kan tí iná kì í jó, ni wọ́n fi wé àwọn páìpù tó ń gbé ooru lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń gbẹ bébà. Tí páìpù bá jò, ọwọ́ lásán ni bàbá fi ń já a kúrò, kò sí ìbòmú, eruku funfun á bo gbogbo aṣọ wọn. Màmá mi ló sì ń fọ aṣọ yẹn! Àyà tiwọn náà ń já mi.

Dókítà ní eruku náà ló ba ẹ̀dọ̀fóró bàbá jẹ́. Ó lè lé ní 20 ọdún kí àìsàn yìí tó fojú hàn. Mo mọ̀ pé Employee's Compensation Act ti 2010 wà, ìyẹn òfin Nàìjíríà lórí owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa tàbí tó ṣàìsàn nídìí iṣẹ́, NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó o, ọdún kan péré ni wọ́n sì fúnni láti béèrè. Ṣé ọjọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ti kà á? Ta la máa pè lẹ́jọ́ nígbà tí iléeṣẹ́ ti kógbá sílé? Ìwé owó oṣù bàbá ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ṣé ó tó ẹ̀rí, àbí ká wá àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ? Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.