Adelé ni, kì í ṣe arọ́pò

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Mo ka àbá tí ọ̀gbẹ́ni wa gbé wá lánàá, pé kí á máa pe ẹni tó bá mú kíláàsì fún olùkọ́ tí kò wá síbi iṣẹ́ ní “olùkọ́ arọ́pò”, mo sì rí bí àwọn kan ṣe sáré pàtẹ́wọ́ sí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ò bá wọn pa á. Ẹni tó bá rọ́pò ẹlòmíràn ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, yálà wọ́n lé onítọ̀hún ni tàbí ó fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ tí ibà dá dúbúlẹ̀, tí yóò padà wá ní Ọjọ́bọ̀, kò tíì fi ipò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. “Olùkọ́ adelé” ló yẹ kí á máa pe ẹni tó bá dúró dè é, bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé de onílé.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, àwọn tó sọ èyí lórúkọ kò sì wo iṣẹ́ náà rárá. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ṣì máa ń ránṣẹ́ pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo mọ̀ pé gbogbo adùn rẹ̀ kò ju pé onílé ń bọ̀ lọ. Onílé ló ni ìwé tí a ó máàkì di òru, òun náà ló ni ẹjọ́ àwọn òbí. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni tiwa, a sì lè fi gbogbo ara ṣe é. A kò mọ ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní olódo láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, nítorí náà a lè pe èyí tó fara ti ògiri lẹ́yìn síwájú pátákó láìro ohunkóhun, kí ó mú ẹfun, kí ó sọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin di ìdá mẹ́fà nínú mẹ́jọ, kí gbogbo kíláàsì sì pa lọ́lọ́ nítorí pé wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Kódà ẹ̀tàn wọn ń pani lẹ́rìn-ín: àwọn méjì a pààrọ̀ orúkọ nígbà tí a bá ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tún pè wọ́n lẹ́yìn ìsinmi, wọn a gbàgbé láti jẹ́ orúkọ tí wọ́n yá.

Ní ti ẹni tó kọ “olùkọ́ adélé”, tó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá òun, bàbá kò ṣì í sọ. Etí ọmọ ló ṣì í gbọ́. Ẹni tó délé ti àjò bọ̀ ni “adélé”, kò ṣọ́ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. “Dè” olóhùn ìsàlẹ̀ ni tiwa, èyí tí a ń lò nígbà tí a bá ní kí ẹnìkan gba àyè dè wá, ohùn rẹ̀ sì ń di ti àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀, bí “rà” ṣe ń di “raṣọ”. Ẹ má sì sọ fún mi pé ọba nìkan ló ń ní adelé, nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn ń kọ “adelé gómìnà” láìkọsẹ̀.

“Olùkọ́ fìdíhẹ” kò ní àbùkù ní ti gírámà, ṣùgbọ́n láti ọdún 1993 tí ìjọba fìdíhẹ Ernest Shonekan kò ti lò tó oṣù mẹ́ta, òṣèlú ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ mọ́ni lẹ́nu.

Ẹni tó tún ní “olùkọ́ni” ló yẹ kí á kọ, pé “olùkọ́” kò pé, àríyànjiyàn yẹn ti pẹ́, mi ò sì ní dá sí i lónìí. Kí ó ṣáà rántí pé tíṣà ni gbogbo wa ń pe àwọn tó kọ́ wa ní “dè” àti “dé”, wọn kò sì jẹ́ kí á ṣì wọ́n lò.

Bí ọ̀gbẹ́ni wa bá ní àpẹẹrẹ kan péré níbi tí arọ́pò ti dìde lórí àga fún ẹni tó rọ́pò, kí ó gbé e wá, mo ń retí rẹ̀.