“Ẹnu ọ̀nà kejì” ni tèmi, kì í ṣe “ìdè”

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá tá a máa fún ohun tí àṣẹ `mount --bind` ń ṣe nínú Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà: ẹnì kan ní ká pè é ní “ìdè”, ẹlòmíì ní “ẹ̀dà fódà”. Mi ò fara mọ́ ìkankan.

Ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe ná. Ká ní mo kọ:

`mount --bind /data/iwe /home/oluko/iwe`

Kò sí fáìlì tó kúrò níbi tó wà, kò sì sí èyí tó di méjì. Fódà kan náà ni, ọ̀nà méjì la kàn lè gbà wọ̀ ọ́ báyìí. Ẹ fi `ls -di` wo méjèèjì, nọ́ńbà inode kan náà (nọ́ńbà tí Linux fi ń dá fáìlì tàbí fódà mọ̀) lẹ máa rí. Ìdí nìyí tí “ẹ̀dà” fi léwu. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn nígbà tí mo ń bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀dà ni mò ń pa rẹ́, mo lo `rm -r` níbẹ̀, àṣé ojúlówó fáìlì iṣẹ́ mi ni mò ń nù dànù. Ó dùn mí wọra.

“Ìdè” ńkọ́? Okùn àti ẹ̀wọ̀n ló ń mú wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tá a dè níbí. Tá a bá sì sọ ọ́ di “ìsopọ̀”, á forí gbárí pẹ̀lú ohun tí àṣẹ `ln -s` ń ṣe, ìyẹn fáìlì kékeré tó kàn ń tọ́ka sí ibòmíì, tí èmi ń pè ní atọ́ka. Ojúlé lásán ni atọ́ka gbé dání: ẹ yí orúkọ `/data/iwe` padà, kò mọ̀nà mọ́. Èyí tí `--bind` ṣe á ṣì máa wọlé geere.

Yàrá kan, ẹnu ọ̀nà méjì. “Mo ṣí ẹnu ọ̀nà kejì fún fódà ìwé.” Tá a bá lo `umount`, a ti ẹnu ọ̀nà yẹn pa, ohun tó wà nínú yàrá ò sì bà jẹ́. Tí kọ̀ǹpútà bá kú tó tún tàn, ẹnu ọ̀nà náà ti lọ nìyẹn, àfi tá a bá kọ ọ́ sínú `/etc/fstab`, fáìlì tí Linux máa ń kà nígbà tó bá ń tàn.

Ibì kan wà tí àbá mi ò kájú ẹ̀. Tí nǹkan bá ti wà nínú `/home/oluko/iwe` tẹ́lẹ̀, a ò ní rí i mọ́ títí di ìgbà tá a bá lo `umount`. Ẹnu ọ̀nà ò sọ ìyẹn. “Fódà abẹ́” ni mo fi ń pe ohun tó fara pa mọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti `--rbind`, tó ń kó àwọn mount mìíràn (ibi tá a ti ṣí dísíìkì tàbí fódà mìíràn sí) tó wà nínú fódà náà dání, mo ń pè é ní “ẹnu ọ̀nà kejì tòun tọmọ”.